Ìyànà Iyesi: Èèwọ̀ ti kúrò létí odò, òfin kò sì tíì débẹ̀

Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ ní Ìyànà Iyesi, lójú ọ̀nà tó ti Sango-Ọ̀tà lọ sí Ìdí-Ìrókò, ariwo ni yóò kọ́kọ́ kí èèyàn káàárọ̀. Kọ̀ńdọ́ kan yóò máa pe Sango, èkejì rẹ̀ yóò máa pe Atan, àwọn ọlọ́kadà àti onímárúwá yóò máa fọn fèrè bí ẹni tó ń ṣọdún. Ìyá ẹlẹ́wà ti gbé ìkòkò kalẹ̀, oníbúrẹ́dì ti to igbá rẹ̀. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ òru ní ilé iṣẹ́ ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú oorun lójú, àwọn tó fẹ́ lọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ń sáré wọ ọkọ̀. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ fún wákàtí kan péré yóò sọ pé inú ìlú ńlá ni òun wà.

Ṣùgbọ́n kí onítọ̀hún yà kúrò lójú títì, kí ó gba ọ̀nà ilẹ̀ pupa kọjá ẹ̀yìn àwọn ilé tí wọn kò tíì rẹ́, yóò rí i pé igbó kò tíì jìnnà. Igi ọ̀pẹ ṣì dúró láàárín ilé méjì. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo wà lórí ilẹ̀ tí ẹni tó rà á kò tíì rówó kọ́. Bí ilẹ̀ ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń pọ̀ sí i, títí tí ẹsẹ̀ yóò fi bọ́ sórí ilẹ̀ rírọ̀, níbi tí ògùrọ̀ àti ọparun gbé hù, tí lékèélékèé ń ṣọdẹ ọ̀pọ̀lọ́. Níbẹ̀ ni àwọn alákùrọ̀ ti ń gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú, tí wọ́n ń bomi rin ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀fọ́ yìí náà ni àwọn ìyàwó ilé ń rà lójú títì nírọ̀lẹ́, tí ọ̀pọ̀ wọn kì í béèrè ibi tó ti wá.

Ìsàlẹ̀ yẹn, létí omi, ni ọ̀rọ̀ wà. Odò Atuwara, odò Ilo àti àwọn odò kéékèèké mìíràn ní agbègbè Ọ̀tà jẹ́ ogún tó kẹ́yìn tí ilé àti ilé iṣẹ́ kò tíì gbà tán lọ́wọ́ ará ìlú. Láyé àtijọ́, èèwọ̀ ló ń ṣọ́ etí odò. Lónìí, òfin ló yẹ kí ó máa ṣọ́ ọ. Èèwọ̀ ti lọ, òfin kò sì tíì dé. Àárín méjèèjì yìí ni odò ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, bí kò bá sì sí ẹni tó dìde sí i, àti odò, àti ẹni tó ń mu omi kànga nítòsí rẹ̀, ni yóò jọ jẹ ìyà rẹ̀.

Ọ̀tà kì í ṣe ìlú àná. Ìlú Àwórì ni, tó ti ní Ọlọ́tà àti ìjòyè tirẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Iṣẹ́ oko ni wọ́n mọ̀ mọ́ àwọn abúlé tó yí i ká. Nígbà tí Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ìjọba ológun sílẹ̀ ní ọdún 1979, Ọ̀tà ló lọ dá oko sí, nítorí ilẹ̀ tó ṣeé dáko wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Ní ọdún 1989 ni wọ́n da Ọ̀tà pọ̀ mọ́ Adó-Odò láti di ìjọba ìbílẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni nǹkan wá yí padà kíákíá. Ìjọ Living Faith ṣí gbọ̀ngàn Faith Tabernacle tó gba 50,000 èèyàn ní Canaanland ní ọdún 1999. Covenant University bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 2002, Bells University of Technology sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2005. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irin, ike, ọṣẹ, oúnjẹ àti oògùn ti kún agbègbè Sango-Ọ̀tà, nítorí Èkó kò jìnnà, ilẹ̀ kò sì wọ́n tó ti Èkó. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní ọdún 2006, 526,565 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà. Ẹni tó bá mọ Ìyànà Iyesi nígbà náà, tó tún débẹ̀ lónìí, yóò mọ̀ pé ilé ti pọ̀ gan-an ju ti ìgbà yẹn lọ.

Kò sí ohun tó burú nínú kí ìlú máa gbòòrò. Ọ̀pọ̀ baba ló ta púlọ́ọ̀tì méjì kí ọmọ rẹ̀ lè parí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ìbá máa rìn gbéregbère lígboro ló ń gba owó oṣù ní ilé iṣẹ́. Ìyá tó ń ta oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ń rí owó ilé san. Àwọn àgbà ní bí ebi bá wọ inú, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ̀ ọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí wọ́n ti gbogbo ilé iṣẹ́ pa, kí gbogbo èèyàn padà sóko, àlá ló ń lá. Ibi tí ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀ ni pé, nígbà tí ilẹ̀ òkè ń tán lọ, àwọn tó ń ta ilẹ̀ kò dúró. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá sí àkùrọ̀. Ibi tí bàbá ńlá wọn kò jẹ́ kọ́lé sí ni wọ́n wá ń wọ̀n fún àlejò tó ti Èkó wá, tó jẹ́ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló wá wo ilẹ̀, tí kò mọ̀ pé omi ló ni ibẹ̀. Wọn a da yanrìn àti pàǹtírí sí i, wọn a gbé búlọ́ọ̀kù lé e lórí, ó di ilé.

Iṣẹ́ tí àkùrọ̀ ń ṣe kò hàn sí ojú, òun ni kò jẹ́ kí àwọn èèyàn kà á sí. Bíi kànìnkànìn ni ilẹ̀ náà rí. Bí òjò ńlá bá rọ̀, yóò fa omi mu, yóò sì máa tú u sílẹ̀ sínú odò díẹ̀díẹ̀. Gbòǹgbò ọparun àti ògùrọ̀ yóò di ilẹ̀ mú kí ó má ṣe wó. Koríko etí omi yóò sẹ́ ìdọ̀tí kí ó tó kan odò. Ní agbègbè yìí, òjò máa ń pọ̀ ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, á dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, á tún wá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Nígbà tí wọ́n bá ti dí kànìnkànìn yìí pa, omi kò ní ibòmíràn tí yóò gbà ju ojú ọ̀nà àti inú yàrá lọ. Àwọn tó ń kùn pé ọ̀nà Ìdí-Ìrókò kì í pẹ́ bàjẹ́ kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ọ̀dà nìkan kọ́ ni ọ̀nà nílò. Ọ̀nà tí omi kò rí ibi gbà kúrò lórí rẹ̀, kò sí bí wọ́n ṣe tún un ṣe tí kò ní padà di kòtò.

Àwọn àgbàlagbà kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún wọn, nítorí wọ́n rántí Ògùnpa. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò tí ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn ń fi ojú kékeré wò ya wọ ìlú, ó sì gbé èèyàn tó ju igba (200) lọ. Òjò pọ̀ lọ́jọ́ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé àti pàǹtírí tó ti dí ojú odò wà lára ohun tó sọ òjò di ikú. Ìbàdàn tún rí irú rẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún (100) ló tún bá a lọ. Omíyalé ni àwọn ará Ìbàdàn ń pè é. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáadáa, ilé ló kọ́kọ́ ya omi kí omi tó ya ilé. Ọ̀tà kò tíì rí irú Ògùnpa, kí Ọlọ́run má sì jẹ́ kí ó rí i. Àmọ́ àdúrà nìkan kò tó fún ẹni tó kọ́lé sójú àgbàrá.

Yàtọ̀ sí omi òjò, ọ̀rọ̀ omi mímu tún wà níbẹ̀. Kànga ni ọ̀pọ̀ ilé ní agbègbè Ìyànà Iyesi gbára lé, yálà èyí tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ tàbí èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́. Àwọn onímọ̀ ìlera máa ń sọ pé ó yẹ kí ó tó ọgbọ̀n mítà (30) láàárín kànga àti ihò ilé ìyàgbẹ́. Púlọ́ọ̀tì kan tí wọ́n ń tà kiri jẹ́ ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú, ọgọ́fà ní gígùn. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi mítà 18 ní ìbú àti mítà 36 ní gígùn. Onílé tó bá gbẹ́ kànga síwájú pátápátá, tó sì gbẹ́ ihò ìyàgbẹ́ sẹ́yìn pátápátá, lè ní òun ti ṣe bó ti yẹ. Aládùúgbò tí wọ́n jọ pín ògiri ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé iwájú ni tirẹ̀ gbẹ́ ihò ìyàgbẹ́ sí, ihò náà lè má tó mítà 20 sí kànga ẹnì kejì. Lórí ilẹ̀ òkè, ilẹ̀ líle lè ràn wọ́n lọ́wọ́ láti sẹ́ ìdọ̀tí náà. Ní àkùrọ̀ tí wọ́n da yanrìn sí, omi kò jìn rárá, ihò ìyàgbẹ́ àti kànga sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ìgbẹ́ gbuuru àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun tí wọ́n ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn kì í ṣe ọwọ́ ayé. Inú kànga ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá.

Ti ilé iṣẹ́ àti ilé ìpẹran ló tún wá burú jù. Àwọn olùwádìí ní Covenant University, tí kò jìnnà síbẹ̀ rárá, ti yẹ omi àwọn odò yìí wò. Ní ọdún 2008, wọ́n tẹ iṣẹ́ wọn jáde lórí ohun tí omi ìdọ̀tí ilé ìpẹran ń ṣe fún odò Ilo ní Ọ̀tà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún ṣe ti odò Atuwara, tí omi ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ ń wọ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò le láti yé èèyàn. Ẹja ń mí, afẹ́fẹ́ tó wà nínú omi ló sì ń mí. Bí ẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ ẹran àti ìdọ̀tí oúnjẹ bá ya wọ odò, àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń jẹ ẹ́ yóò lo afẹ́fẹ́ náà tán. Ẹja yóò kú, omi yóò dúdú, yóò sì máa rùn. Irú ìdọ̀tí yìí ṣì lè jẹrà tán bí odò bá ti ń ṣàn lọ. Àwọn irin bí òjé kì í jẹrà ní tiwọn. Isàlẹ̀ odò ni wọn yóò máa kó jọ sí, wọn a gba ibẹ̀ wọ inú ẹja àti ẹ̀fọ́, wọn a sì gba inú oúnjẹ wọ ara ọmọdé, níbi tí wọ́n ti ń ba ọpọlọ jẹ́. Ní ọdún 2025, ìròyìn kàn káàkiri pé wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ògìjo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn yìí kan náà, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ kan ti ń yọ́ bátìrì mọ́tò àlòkù. Ìjọba ti díẹ̀ nínú wọn pa. Ṣùgbọ́n òjé tó ti wọ ara ọmọ kò bá kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà lọ.

Báwo ni àwọn baba ńlá ṣe ṣe é tí omi wọn fi mọ́? Wọn kò ní ilé àyẹ̀wò, wọn kò sì ní ọlọ́pàá. Èèwọ̀ ni wọ́n ní. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, a kì í gé igi tó wà lórísun omi. A kì í fọ aṣọ níbi tí wọ́n ti ń pọn omi mímu. Ibòmíràn wà tó jẹ́ pé ó ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ sódò, kí odò lè sinmi. Wọ́n ní òrìṣà ló ni ibẹ̀, ẹni tó bá sì tàpá sí i yóò rí ìbínú rẹ̀. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí dé, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò bẹ̀rù òrìṣà mọ́, wọ́n ju èèwọ̀ náà nù pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí Kìrìsìtẹ́nì tàbí Mùsùlùmí padà lọ bọ odò. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó wà nínú èèwọ̀ kì í ṣe ti ẹ̀sìn kan. Ọgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé òun yóò mu omi lọ́la ni.

Òfin tó yẹ kí ó rọ́pò èèwọ̀ kò ṣàì wà nínú ìwé. Nígbà tí wọ́n wá da májèlé láti òkè òkun sílẹ̀ ní Koko, ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà, ní ọdún 1988, ìjọba ológun ṣe òfin lórí ààbò àyíká lọ́dún náà. Ní ọdún 2007, wọ́n dá àjọ NESREA sílẹ̀ láti máa rí i pé àwọn ilé iṣẹ́ tẹ̀ lé òfin. Ìpínlẹ̀ Ògùn ní àjọ tirẹ̀ tó ń bójú tó àyíká. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 sì fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà. Ìwé kò wọ́n. Ẹni tí yóò sọ̀kalẹ̀ dé etí odò Atuwara, tí yóò bu omi sínú ìgò, tí yóò sì padà wá ní oṣù tó ń bọ̀, òun ló wọ́n. Ẹni tó bá tàpá sí èèwọ̀ láyé àtijọ́ mọ̀ pé gbogbo ìlú ń wo òun. Ẹni tó ń da omi ìdọ̀tí sódò lóru lónìí mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń wo òun.

Òṣogbo fi hàn pé ó ṣeé ṣe láti dá etí odò sí. Igbó Ọ̀ṣun níbẹ̀ tó hẹ́kítà 75, etí ìlú ló sì wà. Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO fi í sára àwọn ibi tó jẹ́ ogún fún gbogbo ayé. Kì í ṣe pé àwọn tó fẹ́ rà á kò sí. Àwọn olùsìn Ọ̀ṣun, aráàlú, ìjọba àti Susanne Wenger, òyìnbó tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣe ti igbó náà títí tó fi kú ní ọdún 2009, ló dúró tì í. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ kejì wà nínú ọ̀rọ̀ Òṣogbo. Pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ṣọ́ igbó náà tó, omi Ọ̀ṣun pọ́n, ó sì dọ̀tí ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, nítorí àwọn tó ń wa góòlù lókè odò. Ẹni tó ń ṣọ́ ìsàlẹ̀ odò tí kò ṣọ́ òkè rẹ̀, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Ohun tó yẹ ní Ìyànà Iyesi kò kọjá agbára. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà pe àwọn awọnlẹ̀, kí wọ́n wọn etí odò láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n ri òpó sí i, kí gbogbo èèyàn mọ̀ pé láti ibí sí ibí, kò sí títà, kò sí rírà. Kí àwọn olórí ẹbí tó ni ilẹ̀ má ṣe fọwọ́ sí ìwé kankan tó bá kọjá òpó náà. Kí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sẹ́ omi ìdọ̀tí rẹ̀ kí ó tó tú u sílẹ̀. Lóṣooṣù ni kí wọ́n máa yẹ omi odò wò, kí wọ́n sì lẹ àbájáde rẹ̀ mọ́ ara ògiri ìjọba ìbílẹ̀ ní èdè Yorùbá, kí ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ lè kà á tàbí kí ọmọ rẹ̀ kà á fún un. Kí ẹgbẹ́ àwọn onílé ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan èèyàn méjì tí yóò máa rin etí odò, bí wọ́n ṣe ń yan ọdẹ tó ń ṣọ́ wọn lóru. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn yunifásítì ní ìmọ̀, àwọn aráàlú ní ojú, ìjọba ní àṣẹ. Ọ̀kankan nínú wọn kò lè dá a ṣe.

Ó tún yẹ kí wọ́n ṣe ohun kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò rò. Kí wọ́n má ṣe lé àwọn alákùrọ̀ kúrò. Ní ojú àwọn kan, àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ létí omi kàn ń dúró de ọjọ́ tí ẹni tó lówó yóò dé ni. Ṣùgbọ́n àwọn gan-an ni aṣọ́bodè tó kù fún odò. Àwọn ló kọ́kọ́ ń mọ̀ bí omi bá yí àwọ̀ padà, àwọn ló kọ́kọ́ ń rí òkú ẹja. Bí ìjọba bá fún wọn ní ìwé pé wọ́n lè máa dáko síbẹ̀ láì kọ́lé, tó sì fún wọn ní ẹni tí wọ́n lè fẹjọ́ sùn, yóò ti rí ẹ̀ṣọ́ tí kò ní máa san owó oṣù fún.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Àwọn tó jókòó sẹ́yìn àga ìjọba ní Ọ̀tà, àwọn olórí ẹbí tí òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, àti àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ tí ọmọ tiwọn kò mu omi Atuwara, ṣì ní àkókò díẹ̀ láti da omi síwájú. Lọ́la, bí ọmọ tí wọ́n bí ní Ìyànà Iyesi bá béèrè pé odò dà, ó yẹ kí ẹnì kan lè mú un lọ́wọ́, kí ó mú un sọ̀kalẹ̀ gba àárín ọparun, kí ó sì nàka sí i pé, "Òun nìyí." Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọn yóò máa fi gọ́tà dúdú kan hàn án, wọn yóò sì máa pa ìtàn fún un pé ẹja wà níbẹ̀ rí.